Omi Ló Ń Ṣáájú Òrí: Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Nínú Ilé l'Ékòó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí Èkó ti lò dáadáa, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ojú ní àtíkè, ó ní ìpara, ó sì ní ẹ̀rín tó lè bo àìsùn mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ wò. Nínú bọ́ọ̀sì BRT tó ń gbé wa láti Fádéyí lọ sí CMS láàárọ̀, ẹni tó bá ríbi jókòó á ti tẹjú mọ́ fóònù, ẹni tó bá wà lórí ìdúró ni yóò máa wolẹ̀. Èmi kì í sábà ríbi jókòó. Mo ti rí obìnrin tó wọ kóòtù olówó iyebíye, tí irun orí rẹ̀ ń dán, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì funfun báláú, tó sán yánnayànna, tí èérí dúdú ti wọ inú ibi tó sán lọ. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin tí bàtà páàmù ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oníbàtà, tí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti dúdú, tó ti nípọn. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tèmi náà ti le débi pé ó ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì ya, ọkọ mi sì ní òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ ẹni tó ń gbé sáńpépà wọ ibùsùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀: èròjà kọ́ ló ń tún ẹsẹ̀ ṣe, ètò ni. Gbogbo ohun tí ẹ máa lò ló wà nílé yín tàbí lọ́jà tó sún mọ́ yín, kò sì sí èyí tó wọ́n nínú wọn. Ibi tó ti ń ṣòro ni kí a mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e, kí a sì máa ṣe é lálaalẹ́ kó má sì sú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń là. Níbi tó pọ̀ jù lára wa, awọ ní ihò kéékèèké tó ń sun òróró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irun ti ń hù. Òun ló ń mú kí iwájú orí máa dán tó bá di ọ̀sán. Àtẹ́lẹsẹ̀ ò ní ẹyọ kan nínú ihò òróró yìí, àtẹ́lẹwọ́ náà ò sì ní. Òógùn ló ní, ó sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, bí omi inú awọ ibẹ̀ bá ti ń lọ, kò sí òróró tí ara yóò fi dá a dúró. Èèpo òkè awọ ibẹ̀ tún nípọn ju ti ibòmíràn lọ, torí òun ló ń rù wá. Tó bá ti gbẹ tó sì le, tí a wá gbé gbogbo ara lé e, ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ tó ti gan ò ní lè bá a fẹ̀, á sán bí ilẹ̀ amọ̀ tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn pa.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń gbé nílùú yìí. Sílípáàsì tí kò ní ẹ̀yìn là ń wọ̀ nínú ilé, òun là ń wọ̀ lọ sọ́jà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kí wọ́n tó yọ bàtà gidi nínú báàgì. Bàtà tí kò lẹ́yìn kì í di gìgísẹ̀ mú, bí a bá ṣe ń tẹlẹ̀ ló ń fẹ̀. Àwọn tó ń tajà ní Balógun wà lórí ìdúró lórí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara mu. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní Broad Street àti Marina, ọyẹ́ tiwa ò mọ ìgbà, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ lù wá láti January dé December. Bí òjò oṣù Kẹfà bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ kan náà yìí la ó fi wọ́ àgbàrá kọjá l'Ọ́báléńdé, àgbàrá tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gbé wá. Ọ̀rọ̀ àgbàrá yẹn, n ó padà sí i.

Ẹ wá ṣí fóònù yín, kí ẹ wá ohun tí àwọn èèyàn ní ká fi wo ẹsẹ̀ tó là. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọn á kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní kí ẹ là á sí méjì, kí ẹ fi ìyọ̀ sí i, kí ẹ fi máa ha gìgísẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tó ti sán wọnú, kó dán an wò, yóò ké pe Ọlọ́run rẹ̀. Títa rẹ̀ gan-an kọ́ lẹ̀rù mi, oòrùn ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní èròjà kan tó jẹ́ pé bó bá ṣẹ́kù sára tí oòrùn sì pa ibẹ̀, awọ lè ta ròrò, ó lè bó, àmì dúdú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha ẹsẹ̀ láàárọ̀, tó wá wọ sáńdáàlì lọ dúró de mọ́tò l'Ójúẹlẹ́gba, ó ti ra ìyọnu. Lẹ́yìn ọsàn wẹ́wẹ́, baking soda ló kàn. Awọ ara wa fẹ́ ohun tó kan díẹ̀ bí ọtí kíkan; pH la fi ń wọn kíkan yẹn, bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe ń kan tó, ti awọ ò sì ju bíi 5 lọ. Baking soda tí a pò mọ́ omi lé ní 8. Ó ń bó awọ lóòótọ́, ó sì tún ń mú un gbẹ sí i. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń fi pa ẹsẹ̀, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mi ò ní gbogbo ohun tó wà ní ìdáná ló burú. Oyin máa ń di omi mú, ẹ lè fi díẹ̀ pa gìgísẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣúgà tí a pò mọ́ òróró á ha òkú awọ kúrò láìlágbára púpọ̀. Ìbẹ́pẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú ìkòkò kí ẹran tó yi lè rọ̀, ohun tó ń rọ ẹran yẹn lè rọ òkú awọ náà. Oje rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ó lè mú ara ẹlòmíràn wú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kàn ń ranni lọ́wọ́ ni. Bí ètò ò bá sí, ẹ lè fi oyin inú gbogbo ìgbẹ́ pa á, gìgísẹ̀ á tún gbẹ padà.

Ètò náà rèé. Omi ló ń ṣáájú. Omi ló ń mú awọ rọ̀; òróró ò lè ṣe é. Iṣẹ́ òróró àti òrí ni láti sé ọ̀nà mọ́ omi tó ti wọlé kó má bàa jáde. Ẹni tó bá mú òrí tó fi pa gìgísẹ̀ gbígbẹ, gbígbẹ yẹn ló kàn bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé àwọn ti fi òrí pa ẹsẹ̀ títí, kò ṣiṣẹ́. Òrí ò ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Kí ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, awọ á funfun, á hunjọ, á sì tún gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó bá kúrò nínú omi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ ìyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ó ń tu ẹsẹ̀ tó rẹ̀ lára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lálẹ́ Friday, ṣùgbọ́n bí ìyọ̀ ò bá sí nílé, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọṣẹ dúdú díẹ̀ á yọ èérí tó wọ inú ibi tó sán. Ẹ fi sọ́kàn pé eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi ń ṣe é, ó le, kì í fi òróró kankan sílẹ̀ lára. Nítorí náà, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa.

Lẹ́yìn náà, kànhìnkànhìn tàbí òkúta ìfọsẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fi agbára ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko, bó ṣe rí pẹ̀lú gìgísẹ̀ gan-an nìyẹn. Awọ tí a bá ha dé ibi pupa, ara á rò pé ogun dé, á tún kó awọ tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wá síbẹ̀. Ẹ ha á díẹ̀ lónìí, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ẹ fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ, ẹ má gbo ó, kí ẹ sì rí i pé ààrin ọmọ ìka gbẹ tónítóní. Kí ọ̀rinrin gìgísẹ̀ tó tán ni kí ẹ ti fi òrí pa á. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú lé e lórí.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ìbọ̀sẹ̀, nínú ooru Èkó, níbi tí wọ́n ti mú iná lọ? Èmi náà ò lè sùn nínú rẹ̀. Mo máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí mo bá ń wo ìròyìn, mo sì máa ń bọ́ ọ kí n tó lọ sùn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta á rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é tó bá di pé ìyàwó ń bọ̀ lọ́nà tàbí tó bá fẹ́ wọ bàtà tuntun, kó má dá ara rẹ̀ láàmú.

Ó kan òrí fúnra rẹ̀. L'Óyìǹgbò ni mo ti ń ra tèmi, lọ́wọ́ ìyá kan tó máa ń sọ pé ti Ṣakí ni òun ń tà, bí ẹ bá sì ní ti Bídá lẹ fẹ́, á ní ìyẹn náà wà nísàlẹ̀. Òun náà ló ń bu méjèèjì nínú abọ́ kan. Kò bí mi nínú, torí igi ẹmi wà láti Òkè-Ògùn dé Kwara dé ìpínlẹ̀ Niger, orílẹ̀-èdè wa ló sì ń mú èso rẹ̀ jáde jù lágbàáyé. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso náà lọ sókè òkun láìtíì fún un, fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń fún òrí nílé lè rí i rà. Àwọn obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù, iṣẹ́ àṣelàágùn sì ni: kíkó o nígbó, sísè é, sísá a, gígún un, yíyan án, lílọ̀ ọ́, pípò ó mọ́ omi títí ọ̀rá á fi léfòó. Tí ẹ bá ń dúnàá-dúrà lórí òrí, ẹ rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dára, ẹ bù ún bíńtín sí ẹ̀yìn ọwọ́. Òrí gidi máa ń yọ́ nínú ooru ara láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó funfun ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi gbòǹgbò igi pa á láwọ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ògidì ju èkejì lọ. Òórùn rẹ̀ yẹ kó wà, kó jọ ti èèfín díẹ̀. Èyí tó bá ń kan nímú ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Èéṣe tí mi ò kàn fi òrí lásán pa á? Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tó. Ṣùgbọ́n òrí l'Ékòó ní wàhálà méjì: lọ́sàn-án gangan, ó máa ń fẹ́ dà sí omi nínú ike, bí ilẹ̀ bá sì tutù, á dì padà, á wá ní kóró kóró nínú. Mo fi òróró àgbọn àti ìda oyin tún un ṣe. Òróró àgbọn máa ń yọ́ tí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 24 ti Celsius, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dì nílé wa. Ìda oyin ní tirẹ̀ ò ní yọ́ àfi tó bá lé ní 60. Ọ̀kan ń rọ òrí kó lè ṣeé fi ọwọ́ bù, èkejì ń gbé e ró nínú ooru.

Mo máa ń gbé ìkòkò kékeré tó ní omi díẹ̀ ka gáàsì, iná rẹ̀ á rẹlẹ̀, mo máa wá gbé abọ́ onírin lé ẹnu rẹ̀. Ìda oyin tí mo ti fi ọ̀bẹ rẹ́ wẹ́wẹ́, síbí ìjẹun kan, òun ló ń kọ́kọ́ wọ inú abọ́, pẹ̀lú òróró àgbọn ìdá kan nínú mẹ́rin ife. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò ní yọ́. Ẹ má gbé iná sókè, ẹ ní sùúrù fún un. Bí èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ bá ti parẹ́, tí òróró mọ́ gaara, mo máa pa iná, mo máa sọ òrí ife kan sí i, ooru tó kù níbẹ̀ á yọ́ ọ. Òrí ò fẹ́ iná púpọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ni èyí tó kàn: wọ́n á gbé e sórí tábìlì kó máa tutù fúnra rẹ̀. Ọ̀rá inú òrí kì í ṣe irú kan ṣoṣo, àwọn kan ń dì ṣáájú àwọn kan, bó bá sì ń tutù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ dì á kóra jọ, àwọn ni kóró tí ẹ ń rí yẹn. Ó gbọ́dọ̀ tutù kíákíá ni. Ẹni tí NEPA ń ṣojúure fún, kó gbé e sí fìríìjì. Èmi máa ń ra pure water tó ti di yìnyín lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á ní ìkóríta, mo máa tú u sínú báàfù, mo máa gbé abọ́ lé e, mo máa wá máa fi síbí rò ó. Á kọ́kọ́ ṣú, á ki, lójijì síbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ.

Àgbọn náà, bí ẹ bá ní ìbátan ní Àgbádárìgì, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti rí i. Ẹ má fi omi sí ìpara yìí o, ẹ má fi oyin sí i, ẹ má fi oje ewé tútù sí i. Òróró lásán ò ní tètè bàjẹ́. Bí omi bá kàn án, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò bu, kò sì ní fìgbà gbogbo hàn sójú. Ọwọ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi máa bù ú.

Ẹni tí kò ráyè gbogbo èyí á ní òun á jókòó fún àwọn tó ń tún èékánná ṣe. Ẹ mọ àwọn ọmọkùnrin Haúsá tó ń lu sísọ́ọ̀sì mọ́ra wọn kéń-kéń-kéń kiri àdúgbò, ẹ sì mọ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní Balógun. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ọwọ́ àwọn mìíràn nínú wọn sì fúyẹ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè fún irinṣẹ́ wọn: ẹsẹ̀ ta ló ti kàn kó tó kan tèmi? Abẹ tí wọ́n fi ń fá gìgísẹ̀ máa ń kan ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni hepatitis B àti HIV sì ń bá rìn. Omi oògùn tí wọ́n rì í bọ̀ fẹ́ẹ́ ò tó láti pa wọ́n. Ẹ ra ìgékánná tiyín, ẹ mú un dání lọ. Bí wọ́n bá yọ abẹ, ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn.

Mo ní n ó padà sí ọ̀rọ̀ àgbàrá. Ẹni tó bá ti wọ́ ọ, tàbí tó wọ bàtà aláwọ lórí ìbọ̀sẹ̀ tútù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bíi ti àwọn síkúríítì wa, ààrin ọmọ ìka rẹ̀ ló yẹ kó wò, pàápàá láàárín ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá funfun, tó rọ̀, tó ń bó, tó ń yún, tó sì ń rùn, ìyẹn kì í ṣe gbígbẹ mọ́. Ìbátan ohun tó ń fa làpálàpá ló ti wọ ibẹ̀, ọ̀rinrin ló sì fẹ́ràn. Ẹni tó bá fi òrí pa á ti bá a tẹ́ní. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ sá ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà sóòrùn.

Ní Ọjúwòyè ní Mushin, bí ẹ bá ní ẹsẹ̀ ń yún yín, wọ́n á já asunwọ̀n òyìnbó fún yín, wọ́n lè fi ẹ̀fínrín kún un. Àwọn àgbà ò purọ́: wọ́n ti yẹ ewé méjèèjì wò ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé wọ́n lágbára lórí irú àrùn yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni pé kò sí ẹni tó lè wọn agbára tó wà nínú èyí tí ẹ gún lónìí àti èyí tí ẹ gún lọ́la. Bí mo bá fi ewé wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí kò sàn, mo máa ń gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì lọ. Ìpara Whitfield tí àwọn bàbá wa ń lò ṣì wà, benzoic acid ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àti salicylic acid ìdá 3 ló wà nínú rẹ̀, kò sì wọ́n. Clotrimazole náà wà. Ẹ lò ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má torí pé yíyún ti dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹrin kí ẹ jù ú sílẹ̀. Àwọn ìpara alápòpọ̀ tó ní steroid nínú, tí gbogbo èèyàn ń fi wo ohun gbogbo, wọ́n á pa yíyún náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì fún àrùn náà láyè láti tàn.

Ẹni tí mo ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ jù kì í ṣe èmi. Àbúrò ìyá ìyá mi ni, Màmá Ìsàlẹ̀ Èkó la ń pè é nínú ẹbí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. A kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí. Èèyàn lè wà nínú ilé tí àwọn ọmọ pọ̀ sí, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, wọ́n á ra aṣọ fún un, kò ní sí ẹni tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Òun náà ò ní sọ. Ojú ń ti àgbà láti na ẹsẹ̀ sí ọmọ kó ní kó bá òun gé èékánná.

Lọ́dọ̀ Màmá, gbogbo ètò tí mo ti kà sílẹ̀ yí padà. Ẹsẹ̀ Màmá kì í wọ inú báàfù. Àtọ̀gbẹ máa ń ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹsẹ̀ mọ́, nítorí náà omi lè bó ènìyàn kó má mọ̀, òkúta kékeré lè wà nínú bàtà kó máa gún un láti àárọ̀. Egbò tí ẹlòmíràn máa fi ọjọ́ mẹ́ta gbàgbé lè di èyí tí wọ́n á torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀. Kò sí òkúta ìfọsẹ̀, kò sí ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí ìyọ̀, kò sí abẹ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le, mo máa fọ̀ ọ́ kíá, mo máa gbẹ ẹ́, mo máa tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo máa wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́, àti ààrin ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa fi ìpara pa gìgísẹ̀ àti òkè ẹsẹ̀, kì í kan ààrin ìka. Bí mo bá rí ohun tó pupa, tó dúdú, tó wú, tàbí tó ń ṣomi, ọsibítù ló kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. A kì í fi ewé dán an wò.

"Àbẹ̀ní, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mo ń wò ó bóyá nǹkan gún yín ni, Màmá."

"Kí ló fẹ́ gún mi? Ẹsẹ̀ tó ti Ìta Fájì ru ẹrù dé Ẹbúté Ẹ̀rọ̀."

Ó máa ń fẹ́ kí n gbọ́ nípa ọjọ́ Ẹ̀yọ̀. Ẹ mọ̀ pé bàtà jẹ́ èèwọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀yọ̀, àti ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń wòran. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, á bá a sọ̀rọ̀. Màmá ní láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ìta Tínúbú, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé wọn, ọ̀dà títì á gbóná, kò sì sí ẹni tó ń wo ibi tó ń tẹ̀. Mo ní, "Màmá, nísinsìnyí ẹ ò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà, nínú yàrá pàápàá." Ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dé bá a ní gbàgede, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, òun sì wà lọ́dọ̀ adìyẹ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbogbo àwọn ọmọdébìnrin ilé kó ara wọn jọ láti lé lálì, Màmá náà ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí òun lẹ́sẹ̀. Mo gbà, pẹ̀lú àdéhùn: ewé lálì gidi, èyí tó ń pọ́n. Èyí tó ń dúdú kirikiri kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé, aró irun ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, ó sì ti bó ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyàwó. Wọ́n lé e fún un lórí èékánná nìkan. Inú rẹ̀ dùn ju ti ìyàwó lọ.

Ó ní ẹ̀sùn kan ṣá lórí ìpara mi. Ó ní kò ní òórùn, ohun tí kò bá sì ní òórùn kì í ṣe oògùn lójú òun. Kí n lọ fi àdín sí i. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òróró àgbọn fún un, ó gbọ́ mi tán, ó ní, "O ṣé, fi àdín sí i." Kò sí ohun tí àdín máa bàjẹ́, òróró lòun náà. Nítorí náà ìgò méjì ni mo máa ń rọ báyìí: ọ̀kan aládìn-ín fún Màmá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé, ọ̀kan tí kò ní àdín fún àwa tí a ṣì fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì wá nínú BRT gbà wá láyè.